Nígbà Tí Orin Agbálẹ̀ Ń Dá Fọ́kílíìfù Dúró

Ẹ wá ibi jókòó sí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìwọ tó wà lápá ibẹ̀ yẹn, má jókòó sí àárín ìlà yẹ́lò, ọ̀nà ọkọ̀ ni. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ààbò tí wọ́n ní kí n wá bá yín sọ kò tíì bẹ̀rẹ̀, mo sì ti ń sọ ọ́.

N kì í ṣe ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìwé pàápàá, mo ti ń wakọ̀ kí n tó kà á, ní ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ní Olodi-Apapa, èmi àti àwọn tí irun wọn ti ń funfun. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọlé láàárọ̀ yìí, mo rí yín nínú jákẹ́ẹ̀tì tó ń dán. Mo rí dígí ńlá tí wọ́n gbé kọ́ sí gbogbo igun kí awakọ̀ lè rí ẹni tó ń bọ̀. Mo gbọ́ tí fọ́kílíìfù, ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù sókè, ń ké pì, pì, pì bó ṣe ń fi ẹ̀yìn rìn. Ọ̀rọ̀ bá kún inú mi. Áà, ayé yí lóòótọ́.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Ẹ̀yin ní aṣọ. Ẹ jẹ́ kí n fi àkísà tiwa hàn yín. N kò tijú rẹ̀, nítorí àkísà iyì ni.

Ilé ìkẹ́rùsí tiwa wà ní Warehouse Road, kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí yìí. Ilé gígùn ni, páánù lókè, sìmẹ́ǹtì nílẹ̀, iná díẹ̀ tí eruku ti bò lójú. Ìrẹsì, ṣúgà, iyọ̀, àlìkámà, inú àpò ni gbogbo wọn wà. A ó to àpò sórí pálẹ́ẹ̀tì, ìyẹn pákó pẹlẹbẹ tí ẹ mọ̀ yẹn, a ó sì to pálẹ́ẹ̀tì léra wọn títí wọn yóò fi fẹ́ẹ̀ kan páánù. Àárín òkìtì kan sí èkejì là ń pè ní láìnì. Láìnì há. Bí fọ́kílíìfù bá wọ inú rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó fara ha àpò lọ́tùn-ún lósì. Awakọ̀ tó bá sì gbé pálẹ́ẹ̀tì méjì lérí ara wọn kò rí iwájú mọ́. Ẹrù ló ń wò.

Inú láìnì yẹn náà ni àwọn obìnrin agbálẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ ò lè mọ̀ wọ́n, nítorí ẹ̀rọ ló ń gbálẹ̀ fún yín. Nígbà tiwa, àpò máa ń ya. Eku á jẹ ẹ́, ìwọ̀ á fà á ya nínú ọkọ̀ ojú omi, ìrẹsì á dà sílẹ̀. Àwọn obìnrin yìí á gbá a jọ, wọ́n á fi ajọ̀ kù ú, wọ́n á dá èyí tó mọ́ padà sínú àpò, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ ńlá rán ẹnu àpò náà. Èyí tó bá ti bá iyẹ̀pẹ̀ pọ̀ ni wọ́n máa ń pín láàárín ara wọn ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n á tún un ṣà nílé. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ajégúnlẹ̀ ni ìrẹsì yẹn tọ́ dàgbà. Mo mọ díẹ̀ nínú wọn tó ti di ọ̀gá ńlá lónìí, tí wọn kì í fẹ́ gbọ́ rárá.

Ìdájí ni wọ́n ń dé, láti Ajégúnlẹ̀ àti Olodi-Apapa. Àwọn tó ń gbé Marine Beach a máa mú òórùn ẹja àti omi iyọ̀ wọlé. Wọ́n á ró ìró mọ́ àyà, wọ́n á fi gèlè di irun nítorí eruku, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ kíyè sí i: wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó jókòó sórí fọ́kílíìfù kò lè rí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn òkìtì.

Kò sí jákẹ́ẹ̀tì nígbà náà. Kò sí dígí, kò sí ìlà nílẹ̀. Hóòn àwọn fọ́kílíìfù wa ti kú tipẹ́tipẹ́. Kí ni a ní? Ẹnu. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ẹnu òrofó ní ń pa òrofó. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹnu ló ń gba ènìyàn là.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Obìnrin kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ orin tirẹ̀, tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ kọ. Bí awakọ̀ bá ti dé ẹnu láìnì, yóò dúró, yóò dín ariwo ẹ́ńjìnnì kù, yóò sì ké pé, "Mo ń bọ̀ o!" Àwọn obìnrin á dìde, wọ́n á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á fẹ̀yìn ti àpò. Orin á wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu olórí wọn, á máa ti ẹnu kan bọ́ sí ẹnu kejì, títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kẹ́yìn. Bí ohùn gbogbo wọn bá ti pé, awakọ̀ á wọlé. Bí ohùn ẹnì kan ṣoṣo bá sọnù, táyà kò gbọdọ̀ yí.

Ẹ má bi mí ẹni tó dá a sílẹ̀. Mo bá a níbẹ̀ ni.

Olórí wọn ni Ìyá Ṣùkúrá, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ ń gún páánù. Òun ló ń bẹ̀rẹ̀: "Ìyá Ṣùkúrá rèé o, ìgbálẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ mi." Màmá Efe á gbà á. Ará ìhà Warri ni, ó sanra, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Tirẹ̀ ni: "Mama Efe dey here o, I never die, I never tire." Ìyá Bísí á tẹ̀lé e. Ọkọ rẹ̀ ń pẹja ní Marine Beach, nítorí náà tirẹ̀ ni: "Aya apẹja rèé o, omi ò gbé mi lọ." Mọ́rẹ́nikẹ́ ló kéré jù nínú wọn, ọmọ Ìjẹ̀bú, ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Òun ló ń pa orin dé: "Mọ́rẹ́nikẹ́ rèé o, mo fẹ̀yìn tàpò, ẹ máa bọ̀." Àwọn mìíràn wà láàárín, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́rin yìí ni ọ̀rọ̀ mi kàn.

Mo kọ́kọ́ jẹ́ alábàárù níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí n kọ́ fọ́kílíìfù, Ọ̀gá Jímọ̀ ni wọ́n fà mí lé lọ́wọ́, àgbà awakọ̀ tí gbogbo wa ń bẹ̀rù. Mo rò pé yóò fi ìdarí ọkọ̀ hàn mí. Rárá. Ó mú mi lọ sẹ́nu láìnì, ó ní kí n kọjú sí òpó, kí n di ojú.

"Kí lo gbọ́?"

"Orin ni, sà."

"Kì í ṣe orin. Ènìyàn ni. Tún gbọ́."

Mo tún gbọ́. Ó bi mí pé ta ló ń kọ ọ́ lọ́wọ́, apá ibo ló wà, ṣé ó súnmọ́ ni tàbí ó jìnnà. N kò mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Ó dáa, lọ ru àpò. Wá padà lọ́la." Ìgbà tí mo tó lè di ojú kí n sọ ibi tí obìnrin kọ̀ọ̀kan dúró sí ló tó jẹ́ kí n jókòó sórí ọkọ̀. Ẹ̀yin ń fi nǹkan dí etí yín láti gbọ́ orin. Àwa ń la etí sílẹ̀ nítorí orin. N kò bú yín. Mo kàn ń wí bó ṣe rí ni.

A máa ń rẹ́rìn-ín gan-an. Ewúrẹ́ kan wọlé lọ́jọ́ kan. Òórùn àlìkámà ló ń fà á láti ìta. Ó bọ́ sínú láìnì, a lé e títí, kò jáde. Ọ̀gá Jímọ̀ ké, "Mo ń bọ̀ o!" Orin lọ yíká, ó pé. Kí Ọ̀gá Jímọ̀ tó mira, Màmá Efe tún gbé ohùn sókè: "Goat dey here o, e no get name!" Ọ̀gá Jímọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Ó sọ̀kalẹ̀ tòun ti ojú líle rẹ̀, ó gbé ewúrẹ́ náà lé èjìká, ó gbé e jáde. Ó ní orin ni orin.

Bí ọdún Kérésìmesì bá ku díẹ̀, a ní ọjọ́ kan tí a máa ń pa gbogbo ẹ́ńjìnnì, tí a sì ń pààrọ̀ ipò. Àwọn obìnrin á gun orí fọ́kílíìfù tí kò ní kọ́kọ́rọ́ lára, wọ́n á máa ké, "Mo ń bọ̀ o!" Àwa awakọ̀ á mú ìgbálẹ̀, a ó fẹ̀yìn ti àpò, a ó máa kọrin. Awakọ̀ tí orin bá fọ́ mọ́ lẹ́nu á ra mínírà. Ọ̀gá Jímọ̀ a máa kọ oríkì baba ńlá rẹ̀, kò ní tán bọ̀rọ̀. Ní ti èmi, nígbà tó kàn mí lọ́dún àkọ́kọ́, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Èmi nìyí."

Mọ́rẹ́nikẹ́ wò mí láti orí ọkọ̀. "Bùrọ̀dá, ṣé orin nìyẹn ni, àbí ẹ̀ ń dáhùn ní kóòtù?"

Mo ra mínírà. Lọ́dún kejì, mo tún rà á.

Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi, béèrè. Kí ni o wí? Bí ọ̀fun bá ń dun ẹnì kan ńkọ́? Ìbéèrè tó dáa nìyẹn. Ẹni tí ọ̀fun ń dùn kì í wọ láìnì. Ìta ni yóò jókòó sí, yóò máa rán àpò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó síta kì í pín nínú ìrẹsì ilẹ̀. Òfin wọn nìyẹn: ẹni tí kò bẹ̀rẹ̀ kò ní gbé. Ọjọ́ kan tàbí méjì kì í pa ẹnikẹ́ni lára. Ìbéèrè rẹ sì gbé mi dé ibi tí mo ń lọ.

Ọkọ Ìyá Bísí lọ sójú omi, omi gbé e.

Wọ́n rí i, wọ́n sin ín. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ìyàwó rẹ̀ padà síbi iṣẹ́ nínú aṣọ dúdú, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n ní ìdílé ọkọ rẹ̀, opó kò gbọdọ̀ kọrin títí yóò fi bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀. Orin kankan, ì báà ṣe orin ìjọ. Òun náà kò sì fẹ́ rú u. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà.

Ariwo sọ láàárọ̀ ọjọ́ tó padà náà. Àwa awakọ̀ dúró lápá kan, àwọn obìnrin dúró lápá kan, Ìyá Bísí wà láàárín, ó gbá ìgbálẹ̀ rẹ̀ mú.

Ìyá Ṣùkúrá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìyá Bísí, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Ẹ gbà mí, Ìyá. Ẹnu yìí kan náà ni mo fi ń kọ ọ́ lójoojúmọ́ pé omi ò gbé mi lọ. Omi gbé ọkọ mi. Kí ni kí n tún máa kọ?"



Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ ní, "Kí ó jókòó síta ná, títí tí yóò fi bọ́ aṣọ."

"Kí àwọn ọmọ mi sì jẹ kí ni?" ni Ìyá Bísí wí.

Màmá Efe ní, "Make she clap hand, now. Àbí àtẹ́wọ́ náà di orin?"

Ọ̀gá Jímọ̀ mirí. "Àtẹ́wọ́ kò ní orúkọ. Bí mo bá gbọ́ ọ, báwo ni màá ṣe mọ ọwọ́ ẹni tó ń pa á? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe apànìyàn ní ọjọ́ alẹ́ mi."

Mọ́rẹ́nikẹ́ bá jáde láàárín wọn. "Èmi á máa kọ ọ́ fún un."

"Ìwọ?" Ìyá Ṣùkúrá yíjú sí i. "A kì í kọ ẹsẹ̀ ẹlòmíràn níbí. O mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Mi ò ní kọ tiwọn, Ìyá. Màá dá tuntun. A ó jọ máa ṣiṣẹ́ lójú kan náà. Bí mo bá kọ tèmi tán, màá rẹ ohùn sílẹ̀, màá ní," ó sì kọ ọ́ níbẹ̀: "Ìyá Bísí rèé o, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

Ọ̀gá Jímọ̀ tẹjú mọ́ ọn. "Bí kò bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ńkọ́?"

"Mi ò ní kọ ọ́ nìyẹn, sà."

"Ṣé o gbọ́ ohun tí ìwọ fúnra rẹ sọ?"

"Mo gbọ́ ọ, sà."

"Ó dáa." Ó tún fìlà rẹ̀ dé dáadáa, ó lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀. Báyìí ni Mọ́rẹ́nikẹ́ ṣe di olóhùn méjì. Ó ń kọ tirẹ̀ lókè, ó ń kọ ti Ìyá Bísí nílẹ̀, èyí tó rẹlẹ̀ ló sì ń pa orin dé. Kò pẹ́ tó fi mọ́ gbogbo wa lára. Nígbà míì mo máa ń gbàgbé pé ẹnu kan ṣoṣo ló ń ti jáde.

Ohun tó bá ti mọ́ni lára ni kí ẹ máa ṣọ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Ohun tuntun kì í sábà pa ènìyàn. A ti ń wò ó. Èyí tó ti mọ́ni lára ni kì í jẹ́ ká wo ẹsẹ̀ wa.

Ìgbà òjò ni. Ìrẹsì wọlé láti èbúté, tírélà tò láti ẹnu géètì wa jáde sí ojú Warehouse Road. Òjò ti ṣú, ọ̀run dúdú, atẹ́gùn ń gbé páánù lókè. Bí òjò bá bá ìrẹsì lórí tírélà, ó bàjẹ́ nìyẹn. Fọ́máànù wa, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́, ń sáré sókè sódò. Èèyàn dáadáa ni. Ọjọ́ yẹn ló le. Mo gbé pálẹ́ẹ̀tì méjì lérí ara wọn, n kò rí iwájú, mo dé ẹnu láìnì tó kángun sí ògiri.

Mo dúró. Mo ké, "Mo ń bọ̀ o!"

Ìyá Ṣùkúrá bẹ̀rẹ̀. Màmá Efe gbà á. Ó lọ bẹ́ẹ̀, ó lọ bẹ́ẹ̀. Mọ́rẹ́nikẹ́ kọ tirẹ̀: "Mo fẹ̀yìn tàpò, ẹ máa bọ̀." Mo ti fẹsẹ̀ lé ibi tí yóò gbé ọkọ̀ lọ. Mo ń retí ohùn tó rẹlẹ̀.

Kò wá.

Mo tún ké. Orin tún lọ yíká. Ó tún dúró síbi kan náà.

Fọ́máànù sáré dé. "Dẹ́rẹ́bà, kí ló dé? Kí lò ń wò?"

"Orin kò pé, sà."

"Orin wo? Ṣé o ò rí òjò ni? Ṣé o ò rí tírélà?"

"Mo rí wọn, sà. Orin kò pé."

Ó kígbe sínú láìnì láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mi. "Mọ́rẹ́nikẹ́! Jọ̀ọ́, kọ èyí tó kù kí ọmọkùnrin yìí lè wọlé. Ìyá Bísí á ti lọ tọ̀."

Mo gbọ́ ohùn Mọ́rẹ́nikẹ́ láti ẹ̀yìn òkìtì. "Kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, sà."

"Mo ní kó o kọrin ni. Mi ò ní kó o búra."

"Ọ̀kan náà ni, sà."

Ó sì pa ẹnu dé. Ẹ rò ó wò. Fọ́máànù ń pariwo, àwọn awakọ̀ tírélà ń fun hóòn níta, ìjì ń bọ̀. Ẹsẹ̀ orin kékeré kan tó ti kọ títí tó fi lè kọ ọ́ lójú oorun. Bó bá ti kọ ọ́ ni, èmi á wọlé. Kò sí ẹni tí ì bá dá a lẹ́bi. Gbogbo wa rò pé obìnrin náà ti jáde lọ tọ̀ lóòótọ́. Kò kọ ọ́.

Fọ́máànù di ọkọ̀ mi mú. "Sọ̀kalẹ̀. Èmi fúnra mi á wà á wọlé."

Mo pa ẹ́ńjìnnì. Mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo fi sínú àpò ṣòkòtò. N kò sọ̀kalẹ̀.

Ní òpin ilé lọ́hùn-ún, Ọ̀gá Jímọ̀ kíyè sí i pé orin kò parí. Òun náà pa tirẹ̀. Awakọ̀ tó kù pa tirẹ̀. N kò tíì gbọ́ irú ìdákẹ́rọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ rí nínú ilé yẹn lójú ọ̀sán. Atẹ́gùn nìkan, àti páánù tó ń lù jìgìjìgì.

A bá gbọ́ ọ. Ohùn kan tó tín-ín-rín, bí ẹni pé inú kànga ló ti ń bọ̀.

"Ìyá Bísí rèé o. Mo wà lábẹ́ àpò."

Orin ni ó fi wí i. Ohùn orin wa gan-an.

Ní iwájú ibi tí mo dúró sí, lẹ́yìn igun òkìtì, ni ó wà. Ó rí àpò kan tó ń jò, ó ní kí òun yára rán an nígbà tí Mọ́rẹ́nikẹ́ ń fi ajọ̀ ku ìrẹsì tó kọ ẹ̀yìn sí i. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ òkìtì ti yọ̀ lé e lórí. Àpò tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí dé ìbàdí, ó gba èémí lẹ́nu rẹ̀. Ó ti ń pè, ṣùgbọ́n kò lè borí ẹ́ńjìnnì. Orí rẹ̀ wà nílẹ̀ ní ojú ọ̀nà gan-an. Bí mo bá wọlé, táyà iwájú ni ì bá kọ́kọ́ bá a.

Gbogbo wa ló ko àpò yẹn kúrò, fọ́máànù pẹ̀lú wa. Aṣọ funfun rẹ̀ di eruku. Nígbà tí a gbé Ìyá Bísí jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ṣùgbọ́n egungun kankan kò ṣẹ́. Òjò bọ́ sílẹ̀ lákòókò náà. Àwọn alábàárù sáré lọ fi tapólì bo tírélà. Díẹ̀ nínú ìrẹsì náà rin. Kò sí ẹni tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wa.

Ìyá Bísí jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. A rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. Ó ní, "Mo ti kọrin. Aṣọ ọkọ mi wà lára mi, mo sì kọrin."

Ìyá Ṣùkúrá kúnlẹ̀ tì í, ó fi etí gèlè nù ún lójú. "Ìyẹn kì í ṣe orin, ọmọ ìyá mi. Orúkọ Bísí ọmọ rẹ lo ń pè."

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún ní kí awakọ̀ wọ láìnì kí orin tó pé. Fọ́máànù fúnra rẹ̀, bó bá fẹ́ gba inú láìnì kọjá, á kọ́kọ́ wúkọ́, á wá kọrin. Ohùn rẹ̀ burú jáì. Màmá Efe ní ewúrẹ́ ìjelòó sàn jù ú lọ.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ tó lọ. Ọ̀pọ̀ ọjà kò wá nínú àpò mọ́, wọ́n ń dà á tààrà sínú ilé irin gíga. Ẹ̀rọ tó ń gbálẹ̀ dé. Fọ́kílíìfù tuntun dé pẹ̀lú ariwo tirẹ̀. Wọ́n fa ìlà, wọ́n kọ́ dígí, wọ́n ya ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sọ́tọ̀. Ó dára. Inú mi dùn sí i, n kò sì fẹ́ kí ẹ̀mí ẹnikẹ́ni nínú yín rọ̀ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun bíi tiwa. Ohun kan ni kí ẹ mọ̀. Lónìí, ọkọ̀ ló ń ké kí ènìyàn lè yà. Nígbà náà, ènìyàn ló ń kọrin kí ọkọ̀ lè dúró. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pì, pì, pì, kò túmọ̀ sí pé awakọ̀ ti rí yín. Ó kàn ń sọ fún yín pé òun wà níbẹ̀ ni. Ẹ wò ó lójú, kí òun náà wò yín lójú, kí ẹ tó kọjá.

Ṣé fọ́kílíìfù tẹ ẹnikẹ́ni pa lọ́dọ̀ wa? Rárá, ọmọ mi. Títí mo fi kúrò níbẹ̀, kò tẹ ẹnì kankan. Àwọn obìnrin tí kò lè kọ orúkọ ara wọn àti àwọn awakọ̀ bíi tèmi ló ṣe é. Mo lè sọ ìyẹn níbikíbi.

Mo fẹ́ Mọ́rẹ́nikẹ́ ní ọdún tó tẹ̀lé e. Ó ti lọ báyìí, Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń sọ pé ohùn rẹ̀ ló mú mi. Wọn kò jayò pa. Ohùn náà dùn, ó sì kún ilé mi fún ọ̀pọ̀ ọdún. N kò bá wọn jiyàn rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mò ń sọ ọ́ fún. Ọjọ́ tí gbogbo ayé ní kí ó kọrin, tí ó pa ẹnu dé, ọjọ́ yẹn ni mo wí lọ́kàn mi lórí ọkọ̀ pé, èyí ni obìnrin tí màá bá gbélé.